Ebi Ló Ṣí Ilẹ̀kùn Odi: Ọ̀wọ́ Ọkọ̀ Onígbòkun àti Àwọn Ọmọ Ogun Etíkun Côte d'Ivoire

Ẹni tí ó bá jáde kúrò ní Treichville, ní Abidjan, ní ìrọ̀lẹ́, tí ó wọkọ̀ gba ọ̀nà Vridi lọ títí tí ó fi dé ibi tí ọ̀sà Ébrié ti pàdé òkun alagbalúgbú, yóò rí ohun tí àwọn baba ńlá onílẹ̀ ibí yìí kò fojú kàn rí: ọkọ̀ irin gàgàrà tí ó ga ju ilé alájà mẹ́rin lọ, tí ó ń rọra wọlé bí ìyàwó tuntun tí a ń sìn bọ̀ nílé ọkọ, tí ìgbì kò gbá a, tí iyanrìn kò sì dá a dúró. Ìrẹsì ń bẹ nínú rẹ̀, àlìkámà ń bẹ nínú rẹ̀, ẹja dídì àti sìmẹ́ǹtì pẹ̀lú. Kò ní pẹ́ tí ẹrù náà yóò fi dé orí àtẹ ní ọjà Treichville àti ti Adjamé. Àwa ọmọ Yorùbá tí a fi ìlú yìí ṣe ilé, tí àwọn onílé ń pè ní Anagó, tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa ti Èjìgbò àti àwọn ìlú àyíká rẹ̀ wá, ojú wa ti mọ́ àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́ tí a kì í wò wọ́n lẹ́ẹ̀mejì mọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni kò rí bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àdúgbò tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu omi yìí, Port-Bouët ni orúkọ rẹ̀, ara ọ̀gá ọkọ̀ ogun Faransé kan ni a sì ti mú orúkọ náà, Édouard Bouët-Willaumez, ẹni tí ó fi ọkọ̀ onígbòkun kan tí a ń pè ní La Malouine tọ etíkun láti Senegal títí dé Gabon ní 1838 sí 1839, tí ó ń wá ibi tí àwọn oníṣòwò orílẹ̀-èdè rẹ̀ lè fìdí kalẹ̀ sí. Nígbà ayé rẹ̀, kò sí ẹnu omi kankan ní Vridi. Iyanrìn gbọọrọ ni ó nà tàntàn láàárín ọ̀sà àti òkun bí ejò tí ó sùn, ìgbì sì ń fọ́ sí i lára tọ̀sán-tòru. Ọkọ̀ tí ó bá gbé oúnjẹ bọ̀ láti ilẹ̀ Faransé yóò ju ìdákọ̀ró sómi lókèèrè, yóò sì máa wo ilẹ̀ bí ológbò tí ń wo ẹran lórí àjà.

Ọ̀rọ̀ tí mo ní í sọ lórí ìyẹn kò ju ẹyọ kan lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà rẹ̀ gùn. Láyé ìgbòkun, nígbà tí atẹ́gùn nìkan ni ẹṣin ojú omi, àwọn ọba Yúróòpù a máa rán ọmọ ogun lọ sí òkè òkun, wọn a kọ́ odi fún wọn, wọn a gbé ìbọn ńláńlá sórí odi náà, gbogbo ayé a sì rò pé ìbọn ni ó mú odi dúró. Àgbá igi tí a rọ ẹran oníyọ̀ sínú rẹ̀ ni ó mú un dúró. Ọjọ́ tí àgbá náà kò bá dé mọ́, ebi a ṣí ilẹ̀kùn odi láìyìnbọn, a sì kó àwọn onílé jáde.

Kò yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì létí ọmọ Yorùbá. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, ni àwọn àgbà wí. Bákan náà ni ebi kì í wọ àgọ́ ogun kí àṣẹ balógun tún ríbi dúró sí. Ta ni kò gbọ́ ìtàn Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn, tí àwọn ológun ń gba ìbọn àti ẹ̀tù láwìn lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó jáde lọ, tí ìjà sì dé láàárín òun àti àwọn ìjòyè nígbà tí gbèsè náà kò wọlé mọ́? Ta ni kò mọ̀ pé Tinúubú kò gbé idà kankan nígbà tí Dàhọ̀mì kọlu Abẹ́òkúta ní 1864, ṣùgbọ́n ẹ̀tù tí ó pèsè wà lára ohun tí ó sọ ọ́ di Ìyálóde Ẹ̀gbá? Nígbà tí Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú sì ti ọ̀nà mọ́ Ìbàdàn nígbà ogun Kírìjì, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 tí àgọ́ rẹ̀ kò tú ká pátápátá títí di 1893, ẹ̀tù àti iyọ̀ di ohun ọ̀wọ́n ní àgọ́ Ìbàdàn, bẹ́ẹ̀ ni ìbọn ìgbàlódé ń gba ọ̀nà Oǹdó wọlé tọ Èkìtì Parapọ̀ wá láti Èkó. Ní gbogbo ìgbà wọ̀nyẹn, èrò kì í dá rìn. Wọn a kó ara wọn jọ sí ẹnu odi ìlú, àwọn olóhun ìjà a ṣáájú, àwọn mìíràn a kẹ́yìn, aláàárù a wà láàárín, ẹni tí ó bá sì fà sẹ́yìn láti tún okùn ẹrù rẹ̀ so, ewu ni ó ń so mọ́ra.

Ohun tí àwọn baba wa ń fi ẹsẹ̀ ṣe nínú igbó yìí gan-an ni àwọn òyìnbó ń fi ìgbòkun ṣe lójú agbami. Bí ọkọ̀ oúnjẹ àádọ́ta tàbí ọgọ́rùn-ún bá ń lọ sí òkè òkun nígbà ogun, wọn a kọ́kọ́ péjọ sí èbúté kan. Fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí ń bọ́ ọmọ ogun wọn ní Amẹ́ríkà láàárín 1775 sí 1783, èbúté Cork ní ilẹ̀ Ireland ni ibi ìpéjọ tí ó gbajúmọ̀ jù, nítorí pé ẹran màlúù, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti bọ́tà pọ̀ níbẹ̀ bí omi òjò. Níbẹ̀ ni ọ̀gá àwọn ọkọ̀ ogun tí yóò ṣọ́ wọn yóò ti fún ọ̀gá atukọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìwé àmì: àsíá báyìí ni ẹ sún mọ́ra, àsíá báyìí ni ọ̀tá ń bọ̀, bí kùrukùru bá bolẹ̀, ìró ìbọn ni ẹ ó máa tẹ̀lé, bí ilẹ̀ bá ṣú, ẹ máa wo àtùpà ìdí ọkọ̀ mi. Lẹ́yìn èyí, gbogbo wọn a ta ìgbòkun lẹ́ẹ̀kan náà bí agbo ẹyẹ lékeléke.

Ibi tí ọkọ̀ ogun ń gbé nínú ọ̀wọ́ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìfẹ́ inú. Ó gbọ́dọ̀ wà ní ìhà tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá, kí ó lè jẹ́ pé bí ọ̀tá bá yọjú sí àwọn ọkọ̀ oúnjẹ, atẹ́gùn náà ni yóò gbé olùṣọ́ lé ọ̀tá lórí. Olùṣọ́ tí ó bá jẹ́ kí atẹ́gùn já òun sí ìsàlẹ̀ ti di òǹwòran, bí apẹja tí ń wo ẹja tí ó já lójú ìwọ̀. Ọ̀gá ọkọ̀ Faransé kan, de Guichen, fi ara rẹ̀ kọ́gbọ́n ní oṣù kejìlá ọdún 1781, nígbà tí ó ń sin ọ̀wọ́ ọkọ̀ tí ó kún fún ọmọ ogun àti ohun èlò lọ sí àwọn erékùṣù Kàríbíánì. Àwọn ọkọ̀ ogun rẹ̀ pọ̀ ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ, ṣùgbọ́n wọ́n wà ní ìsàlẹ̀ atẹ́gùn, àwọn ọkọ̀ oúnjẹ sì wà lókè. Kempenfelt, ọ̀gá ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bá yọ lójú kùrukùru, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọkọ̀ oúnjẹ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan níṣojú wọn, wọ́n sì ń wò ó bí ẹni tí ó dúró lódìkejì odò tí olè ń kó ilé rẹ̀.

Ìyà kejì tí ó wà nínú ìrìn àjọrìn ni pé ọkọ̀ tí ó yára kò gbọ́dọ̀ yára. Ìṣísẹ̀ ọkọ̀ tí ó lọ́ra jù ni gbogbo ọ̀wọ́ fi ń rìn, kódà bí ìdí rẹ̀ bá ti gba ewé òkun, tí ìgbòkun rẹ̀ sì ti gbó bí aṣọ alágbe. Ọ̀gá atukọ̀ tí ó mọ̀ pé ọkọ̀ òun lè fò bí àṣá a máa kún hùnhùn, òmíràn a sì yọ́ lọ lóru kí ó lè bá ọjà tuntun. Àwọn bẹ́ẹ̀ ni ọ̀tá ń dúró dè. Àìrìnpọ̀ ejò ni ó ń jẹ ejò níyà. Bí ọká bá ṣáájú, tí paramọ́lẹ̀ tẹ̀lé e, tí òjòlá ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn, ta ni yóò dúró lọ́nà? Ní ìparí oṣù kọkànlá 1775, ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Nancy, tí ìjì ti yà nípá kúrò lára àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, bọ́ sọ́wọ́ ọkọ̀ kékeré Amẹ́ríkà kan tí John Manley ń darí nítòsí Boston. Ìbọn ẹgbẹ̀rún méjì ni wọ́n bá nínú rẹ̀, pẹ̀lú ọta àti ìbọn ńlá kan tí ó wúwo ju ìwọ̀n pọ́n-ùn 2,500 lọ. Ohun tí ọba Gẹ̀ẹ́sì fi ránṣẹ́ sí ọmọ ogun rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tá ni ó ti sọ̀kalẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ sì ni ìrìn àjọrìn kò fi ìgbà gbogbo gbani. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹjọ 1780, ọ̀wọ́ ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó tó ọgọ́ta àti mẹ́ta ṣìnà bọ́ sáàárín ẹgbẹ́ ọkọ̀ Sípéènì tí Luis de Córdova ń darí. Ọkọ̀ ogun mẹ́ta péré tí ń ṣọ́ wọn sá àsálà, ọkọ̀ 55 sì di ti Sípéènì, pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun inú wọn àti ẹ̀tù tí wọ́n ń gbé lọ. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà lóòótọ́, àmọ́ bí gbogbo ọwọ́ bá wọ inú ìkòkò kan náà, ẹni tí ó bá de ẹnu ìkòkò ti mú gbogbo wọn.

Kí ni ó tilẹ̀ wà nínú àgbá tí a ń tìtorí rẹ̀ jà báyìí? Kì í ṣe oúnjẹ tí ènìyàn lè fi dá àlejò lọ́lá. Búrẹ́dì líle tí a yan títí tí omi fi tán lára rẹ̀ ni, èyí tí ọmọ ogun ń gbá mọ́ tábìlì kí kòkòrò inú rẹ̀ lè jáde. Ẹran màlúù àti ti ẹlẹ́dẹ̀ tí a fi iyọ̀ pa títí tí ó fi le bí awọ ìlù. Ẹ̀wà gbígbẹ, bọ́tà, àti ọtí, nítorí pé omi inú àgbá kì í pẹ́ tí ó fi ń rú ewé. Ní ilé iṣẹ́ ogun Gẹ̀ẹ́sì, ìpín ọmọ ogun kan lójúmọ́ jẹ́ ìwọ̀n pọ́n-ùn kan búrẹ́dì tàbí ìyẹ̀fun, pẹ̀lú pọ́n-ùn kan ẹran màlúù, tàbí ti ẹlẹ́dẹ̀ tí kò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi àádọ́ta ọmọ ogun sínú odi kékeré kan kí a sì ṣírò rẹ̀: búrẹ́dì wọn nìkan fún ọdún kan yóò ju pọ́n-ùn 18,000 lọ. Bí a bá fi ẹran, ọtí, bàtà, aṣọ, òògùn ibà, ẹ̀tù àti àbẹ́là kún un, ẹ ó rí i pé odi tí ó ní àádọ́ta ènìyàn nínú jẹ́ ikùn tí ẹnu rẹ̀ wà ní Yúróòpù, tí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ sì gùn ní ẹgbẹ̀rún máìlì lọ́nà mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oúnjẹ oníyọ̀ láìsí ewébẹ̀ àti èso a tún máa mú àrùn tí ń jẹ ìdí eyín wá. Ọsàn àti òroǹbó ni ó ń wò ó, dókítà ọkọ̀ ogun kan, James Lind, sì ti dán èyí wò lára àwọn atukọ̀ ní 1747, síbẹ̀ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àádọ́ta ọdún kí àwọn aláṣẹ ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó fi í ṣe òfin.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a padà sílé, sí etíkun tí a dúró sí. Bí ènìyàn bá gba ọ̀nà ìlà-oòrùn láti Abidjan, tí ó kọjá Grand-Bassam, yóò dé Assinie, níbi tí àwọn ọlọ́rọ̀ ti ń lọ gbafẹ́ ní òpin ọ̀sẹ̀ lónìí. Ibẹ̀ ni Faransé kọ́kọ́ gbìyànjú láti fìdí kalẹ̀ sí ní etíkun yìí. Wọ́n ti mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Aniaba láti ibẹ̀ lọ sí ilẹ̀ Faransé. Ọba Louis kẹrìnlá fúnra rẹ̀ ṣe baba ìsàmì fún un, wọ́n sọ ọ́ di ọ̀gágun ẹlẹ́ṣin, wọ́n sì gbà pé òun ni yóò jọba nílé. Ní 1701, àwọn ọkọ̀ gbéra láti La Rochelle lábẹ́ Chevalier Damon, wọ́n gbé Aniaba, ọmọ ogun, òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan tí ń jẹ́ Godefroy Loyer, àti ohun èlò odi wá. Wọ́n kọ́ odi, wọ́n pè é ní Saint-Louis, àwọn ọkọ̀ yí ìdí padà, àwọn díẹ̀ tí a fi sílẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́.

Aniaba kò jọba, bẹ́ẹ̀ ni kò sì dúró ti àwọn tí ó mú un wá. Àwọn Dọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n ní odi tiwọn ní ìhà Gold Coast tí wọn kò sì fẹ́ alábàágbé, wá kọlu odi náà ní 1702, a sì lé wọn padà. Bí ó bá ṣe pé ìbọn ni ó ń mú odi dúró ni, ìtàn Assinie ìbá gùn. Àmọ́ ogun ńlá lórí ìtẹ́ ọba Sípéènì ti bẹ́ sílẹ̀ ní Yúróòpù, gbogbo ọkọ̀ ọba Faransé ti ní iṣẹ́ tí ó ṣe kókó jù, kò sì sí ẹni tí ó rántí àwọn ọmọ ogun bíi mélòó kan tí ibà ń mì lójú ìgbì. A kì í fi ọjọ́ kan bọ́ ọmọ tí ó rù, ilé Faransé kò tilẹ̀ fún ọmọ yìí ní ọjọ́ kan náà. Kí ọdún 1704 tó parí, odi Saint-Louis ti ṣófo. Ọ̀tá tí ó ṣẹ́gun rẹ̀ kò dé Assinie rí. Ó wà ní èbúté ilé, níbi tí a kò ti di àgbá kankan sọ́kọ̀.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ogóje ọdún kí wọ́n tó tún padà wá. Lẹ́yìn ìrìn La Malouine, wọ́n bá Peter, ọba Grand-Bassam, dá májẹ̀mú ní 1842, wọ́n fún un ní aṣọ, ìbọn, ẹ̀tù, tábà, ọtí líle àti dùùrù kan tí a ń fọwọ́ yí. Ní 1843, àwọn ọkọ̀ onígbòkun wá láti Gorée, wọ́n kọ́ odi Joinville sí Assinie, wọ́n kọ́ odi Nemours sí Grand-Bassam, wọ́n sì fi orúkọ àwọn ọmọ ọba Louis-Philippe sọ méjèèjì. Gorée, erékùṣù kékeré tí ó kọjú sí Dakar, ni ó di aká wọn: ohun gbogbo tí ó bá ti ilẹ̀ Faransé wá a kọ́kọ́ sinmi níbẹ̀, kí a tó pín in ká etíkun.

Lílọ kò fi bẹ́ẹ̀ nira. Atẹ́gùn tí ń ti àríwá ìlà-oòrùn fẹ́ láìsinmi a gbé ọkọ̀ sọ̀kalẹ̀ láti Yúróòpù dé Senegal. Bí ó bá sì yí Cape Palmas ká, omi òkun fúnra rẹ̀ ń ṣàn lọ sí ìlà-oòrùn, a sì gbé e dé Bassam bí ọmọ ẹ̀yìn ìyá rẹ̀. Àbọ̀ ni iṣẹ́. Omi tí ó sin ọ wá kò ní sìn ọ́ padà. Ọkọ̀ a ní láti sọ̀kalẹ̀ sí gúúsù títí yóò fi ré ìlà agbedeméjì ayé kọjá, kí ó tó rí atẹ́gùn tí yóò gbé e wọ inú agbami Àtìláńtíìkì ní ìwọ̀-oòrùn, kí ó tó lè ṣẹ́rí sí Yúróòpù. Nítorí náà, bí ọ̀gá odi bá kọ̀wé pé ìyẹ̀fun ti bàjẹ́, oṣù mélòó kan ni ìwé náà yóò fi rìn kí ẹnikẹ́ni tó kà á, oṣù mélòó kan mìíràn ni ìdáhùn yóò fi bọ̀, àfàìmọ̀ kí ẹni tí ó kọ ìwé má ti wà nínú ilẹ̀ nígbà tí ìyẹ̀fun tuntun bá dé.

Síbẹ̀, ẹgbẹ̀rún máìlì wọ̀nyẹn kò lẹ́rù tó ìwọ̀nba ìrìn díẹ̀ tí ó kẹ́yìn. Òkun kì í hó ruru kí a wà á ruru, ṣùgbọ́n etíkun yìí a máa hó lójoojúmọ́. Ìgbì ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀, ó ń ga, ó ń tẹ̀ bí arúgbó tí ń rí ohun kan nílẹ̀, a sì fọ́ yángá lórí òkìtì iyanrìn abẹ́ omi. Láti oṣù kẹfà dé oṣù kẹjọ ni ó ń burú jù. Ọkọ̀ ńlá kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn. Ẹnu odò Comoé ní Grand-Bassam, tí ènìyàn ìbá rò pé yóò jẹ́ ilẹ̀kùn, ìgbì ni ó jókòó sí ẹnu rẹ̀ bí oníbodè. Gbogbo ohun tí a ti ṣọ́ pẹ̀lú ìbọn láti Yúróòpù, tí a ti gbà lọ́wọ́ ìjì àti ọ̀tá, ibí yìí ni a óò ti sọ̀ ọ́ sínú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n, a óò sì fi í lé ọmọ etíkun lọ́wọ́.

Àwọn tí wọ́n mọ iṣẹ́ yìí jù ni àwọn Kru, tí ilẹ̀ wọn wà ní ìhà Tabou àti Cape Palmas, lápá ìwọ̀-oòrùn. Ọkọ̀ tí ó bá ń sọ̀kalẹ̀ a dúró gbà wọ́n lọ́nà, wọn a bá a ṣiṣẹ́ jákèjádò etíkun, a sì dá wọn padà sílé nígbà àbọ̀. Àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí ń lé àwọn oníṣòwò ẹrú kò lè ṣe kí wọ́n má kó Kru sínú ọkọ̀. Wọ́n mọ ìgbì bí ọmọ ṣe ń mọ ohùn ìyá rẹ̀. Wọn a dúró lẹ́yìn ibi tí omi ti ń fọ́, wọn a kà á, èkíní kọjá, èkejì kọjá, ẹni tí ó mú àjẹ̀ ìdí ọkọ̀ a ké, gbogbo ọwọ́ a wọ omi pọ̀, ọkọ̀ a sì gun ẹ̀yìn ìgbì wọlé bí ẹlẹ́ṣin. Bí wọ́n bá ṣì í kà, ọkọ̀ a dojú dé, ìyẹ̀fun oṣù mẹ́ta a di ẹ̀kọ ẹja. Ọba lè jẹ ọba ní Paris, gómìnà lè jẹ gómìnà ní Saint-Louis ti Senegal. Lójú ìgbì Bassam, ẹni tí ó mú àjẹ̀ ni ọba.

Àwọn onílẹ̀ náà mọ ohun tí àwọn ní lọ́wọ́. Lórí ọ̀sà, níbi tí epo pupa ti ń sọ̀kalẹ̀ wá sí Bassam, àwọn ìlú Ébrié kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba ọjà mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n sì gbógun. Ní 1853, Baudin, ọ̀gá ọkọ̀ ogun Faransé, kó ọmọ ogun wọ inú ọ̀sà. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó bá a wá ni Faidherbe, tí yóò di gómìnà Senegal ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, òun ni ó sì kọ́ odi sí Dabou. Nípa bẹ́ẹ̀, ọ̀nà ọ̀fun tún gùn sí i: láti Faransé dé Gorée, láti Gorée dé Bassam, kí a la ìgbì kọjá, kí a tún fi ọkọ̀ kékeré gba ojú ọ̀sà dé Dabou. Okùn tí a bá fà jù, já ni yóò já.

Ó sì já. Ní 1870, ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín Faransé àti Jámánì, Jámánì sì ṣẹ́gun. Ilé ọba jó nígbà yẹn, ṣùgbọ́n ẹwà kọ́ ni ó bù sí i. Gbèsè ni ó bù sí i. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí wọn yóò ti dín ìnáwó kù, wọ́n sì rántí àwọn odi etíkun tí ń jẹun láìmówó wọlé. Ní 1871, wọ́n kó àwọn ọmọ ogun kúrò. Ọdún náà gan-an ni Bouët-Willaumez kú, bí ẹni pé òun àti odi rẹ̀ ti jọ dájọ́. Lẹ́ẹ̀kejì, láìsí ọ̀tá lẹ́nu odi, àgbá tí kò dé ni ó lé ọmọ ogun lọ.

Ta ni ó wá dúró? Oníṣòwò ni. Arthur Verdier, ọmọ La Rochelle, ìlú kan náà tí ọkọ̀ Aniaba ti gbéra ní 1701, ni wọ́n fi àsíá Faransé sí lọ́wọ́. Kò ní ọ̀wọ́ ọmọ ogun tí ó ń bọ́. Ó ń ra epo, ó ń ta aṣọ, ní 1881 ó sì gbin kọfí sí Elima lẹ́bàá ọ̀sà Aby. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ni Treich-Laplène, ẹni tí a fi orúkọ rẹ̀ pe Treichville. Nígbà tí wọ́n sọ Côte d'Ivoire di ilẹ̀ àmúsìn ní 1893, orí ìpìlẹ̀ àwọn tí ń rà tí ń tà ni wọ́n kọ́ ọ lé, wọ́n fi Binger ṣe gómìnà àkọ́kọ́, wọ́n sì fi Grand-Bassam ṣe olú ìlú títí ibà pọ́njú fi lé wọn kúrò níbẹ̀.

Láti ìgbà náà, gbogbo agbára ni wọ́n fi bá ìgbì jà. Wọ́n kọ́ afárá irin wọ inú òkun ní Grand-Bassam ní 1901, kí a lè fi ẹ̀rọ gbé ẹrù ọkọ̀ kọjá lórí ìgbì. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ ní Port-Bouët ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó kọjá kí ọ̀sà lè bá òkun pàdé, iyanrìn sì dí i padà bí ọgbẹ́ tí ó jinná. Wọ́n tún kọ́ afárá irin mìíràn síbẹ̀ ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà. Ní 1950 ni wọ́n tó la ẹnu omi Vridi tí kò dí mọ́, tí gígùn rẹ̀ ju máìlì kan àbọ̀ lọ, ní 1951 ni èbúté Abidjan sì ṣí. Ìgbòkun ti wọ ilé àkójọ ohun ayé àtijọ́ nígbà náà, àwọn Kru sì gbé àjẹ̀ sílẹ̀.

Mo mú ìtàn yìí tọ bàbá àgbà kan lọ ní Treichville, ọmọ Èjìgbò, tí ó ti pẹ́ ní ìlú yìí ju ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé tí ó yí i ká lọ. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Bàbá, ẹ kú ìgbà díẹ̀. Odi ni àwọn òyìnbó kọ́, ìbọn ni wọ́n gbé, ọkọ̀ ogun ni ó sìn wọ́n wá, ebi sì lé wọn lọ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀yin wá sí ibí láìní odi, láìní ìbọn. Báwo ni ẹ ṣe dúró?"

Bàbá rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, "Ọmọ mi, àwa náà gbé oúnjẹ dání nígbà tí a ń bọ̀. Èlùbọ́ àpò kan ni ìyá mi dì fún mi, ó ní kí n má jẹ nǹkan ìdálẹ̀. Èlùbọ́ náà kò pé oṣù kan. Ọjọ́ tí ó tán ni mo jáde lọ sí ìta, obìnrin Dabou kan ń ta àtíékè lójú ọ̀nà, n kò gbọ́ èdè rẹ̀, òun náà kò gbọ́ tèmi. Mo na owó, ó bù fún mi, ó wo ojú mi, ó sì fi ẹja lé e lórí." Bàbá dákẹ́ díẹ̀, ó tún fìlà rẹ̀ dé. "Ọjọ́ yẹn ni mo dé Abidjan. Gbogbo ọjọ́ tí mo fi ń jẹ èlùbọ́ ìyá mi, ojú ọ̀nà ni mo ṣì wà."

Mo dúpẹ́, mo sì padà gba orí afárá ọ̀sà lọ sílé. Ọkọ̀ kan ń wọlé láti Vridi, gbogbo iná rẹ̀ tàn. Lẹ́bàá ọ̀nà ní ìsàlẹ̀, àwọn ìyá alátíékè ti tẹ́ igbá wọn, ènìyàn sì ti tò síwájú wọn, Anagó pẹ̀lú onílé, láìsí ẹni tí ó bojú wẹ̀yìn wo òkun.